Ojú Bàbá Tíṣà àti Ìyàwó Aláró

Inú ṣì ń bí mi sí bàbá bàbá mi. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí a sin ín sí Òmù-Àrán, gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ló sì yìn ín: olóòótọ́ ni, tíṣà rere ni, ẹni tí kì í purọ́ ni. Mo jókòó sí ìlà iwájú, mo ń mi orí, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ẹ̀yin tí ẹ ń yin òótọ́ rẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀yin ni òótọ́ náà dá lóró. Èmi ni. Nítorí náà, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Ìyẹn wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n pín níbi ìsìnkú. Ohun tó ń dùn mí ni mo fẹ́ kọ, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀.

Bàbá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà ní ilé-ìwé ìjọ fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, nǹkan tó kó wálé kò ju àpótí onírin mẹ́ta lọ. Èèpo ìwé ló wà nínú àpótí náà. Èèpo magasíìnì àtijọ́ ni wọ́n, irú èyí tí àwọn ará Faransé ń tẹ̀ jáde nípa iṣẹ́ ọnà nígbà tí àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ya nǹkan tí ojú kò rí rí: ènìyàn kan tó ní ojú mẹ́ta, ewúrẹ́ tó ń fò kọjá lókè ilé, obìnrin tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró. Ohun tó mú kí Bàbá máa wá wọn kiri ni pé wọn kì í ṣe fọ́tò àwòrán. Oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán náà sórí òkúta, láti ara òkúta ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, àwọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹni tó bá di irú èèpo bẹ́ẹ̀ mú, ohun tó ti ọwọ́ ayàwòrán jáde gan-an ló dì mú. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Bàbá kó jọ. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo lára ògiri ilé wa.

Èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń bí mi nínú. A ní mọ́kànlélọ́gọ́ta nǹkan tó rẹwà nínú ilé, a kò sì rí wọn. Wọ́n wà láàárín páálí àti kàńfọ̀, wọ́n sì máa ń jáde lọ́jọ́ tó bá wu Bàbá nìkan. Á kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, á nu ún gbẹ, á jókòó dúró kí ó tún gbẹ sí i. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ bá fẹ́ wò, òun náà gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́, kí ó sì di ọwọ́ sẹ́yìn. Mo rántí ọjọ́ tí mo fi aṣọ tútù nu tábìlì rẹ̀ kí n lè ràn án lọ́wọ́. Omi díẹ̀ kù sí igun kan. Ó wo omi náà, ó wò mí, kò pariwo. Ó kó gbogbo èèpo padà sínú àpótí, ó tì í, ó ní, "Àjọkẹ́, iṣẹ́ tí o kò mọ̀, má fi inú rere ṣe é."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kò sì jẹ́ pé kò lè kọ́ni. Tó bá wù ú, kò sí ẹni tó lè la nǹkan yé ọmọdé bíi tirẹ̀. Ọmọ Ẹ̀sìẹ́ ni ìyá tó bí i, níbi tí àwọn ère òkúta wà, ó sì ní òkúta pẹlẹbẹ kan tó gbé wá láti ibẹ̀ tó ti fi yanrìn lọ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀. Ní ọjọ́ kan nígbà ìsinmi, ó pè mí sẹ́yìnkùlé. Ó ya adìẹ kan sórí òkúta náà pẹ̀lú àbẹ́là. Kò sí ohun tó hàn. Ó fi omi ra òkúta náà. Lẹ́yìn náà ó po dúdú ìdí ìkòkò mọ́ òróró, ó fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lórí òkúta. Níbi tí omi wà, dúdú kọ̀ láti dúró. Níbi tí àbẹ́là wà, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé ìwé lé e, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì ká ìwé náà kúrò. Adìẹ wà níbẹ̀, ó kọjú sí apá kejì. Mo pariwo. Bàbá rẹ́rìn-ín, èyí tí kì í sábà ṣe.

Mo ní, "Bàbá, ta ló kọ́ yín?"

Ó sọ fún mi pé òyìnbó kan tó kọ́ni pẹ̀lú òun nílé-ìwé ló fún òun ní èèpo àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó ń lọ sí ìlú rẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ aró náà ni. Òyìnbó náà ní òkúta ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, Bàbá sì gbà á gbọ́, ó sọ ọ́ ní Ìyàwó Aláró, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Ìlọrin àti Èkó, lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó lọ sókè òkun. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé pé kí ni kí òun mú bọ̀ fún Tíṣà, kò gbọdọ̀ mú aṣọ tàbí bàtà bọ̀. "Èèpo ìwé," ni wọ́n á sọ, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo bi í lọ́jọ́ náà pé kí ló rí lára òkúta tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Irọ́ ṣòroó yà sórí òkúta, ọmọ mi. Ọwọ́ tó bá gbọ̀n, á gbọ̀n síbẹ̀ títí láé."

Màmá, ìyàwó rẹ̀, kò fẹ́ràn òkúta. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́, èrò rẹ̀ sì ni pé ilé tí páànù rẹ̀ ti ń jò kò gbọdọ̀ ní àpótí tí a ń tọ́jú ju ènìyàn lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìjì dé tó ká páànù yàrá méjì lọ. Màmá ń ṣàárẹ̀, ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá kejì. Bàbá sáré wọlé. Gbogbo wa rò pé ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ gbé. Àpótí ló gbé jáde, ó padà wọlé, ó gbé èkejì, ó padà wọlé, ó gbé ẹ̀kẹta. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹrin láti gbé Màmá, Màmá ti fúnra rẹ̀ rìn jáde, orí rẹ̀ tutù, ìró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó dúró lábẹ́ òrùlé aládùúgbò wa, ó wo ọkọ rẹ̀ tí òun náà tutù bí ẹja.

Bàbá ní, "Ìwọ lè rìn. Àwọn kò lè rìn."

Òótọ́ sì ni. Ìyẹn ló tún burú jù níbẹ̀. Màmá kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń yí padà. Nígbà tó tó sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ, gbogbo wa ló sì gbọ́ ọ: "Tí mo bá kú ṣáájú rẹ, sọ fún wọn kí wọ́n tẹ̀ mí sórí òkúta, bóyá wàá wá mi wò."

Ó kú ṣáájú rẹ̀ lóòótọ́. Bàbá kò jẹ́ kí a tún gbólóhùn náà sọ níwájú òun mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Èkó, Bàbá Èkó ni àwa ọmọ ń pè é. Òun nìkan ni Bàbá fún ní èèpo rí nínú gbogbo wa. Ewúrẹ́ Òkè Ilé ni, lọ́jọ́ tó jáde ní yunifásítì. Bàbá Èkó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ ní iwájú fèrèsé, kí gbogbo àlejò lè rí i. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́rin, Bàbá lọ kí i. Oòrùn ti fa gbogbo pupa ara ewúrẹ́ náà, ó ti ṣá bí aṣọ àlòkù. Bàbá kò jókòó, kò mu omi. Ó gun orí àga, ó yọ férémù náà lára ògiri níwájú àwọn àlejò, ó fi sábẹ́ apá, ó gba gáréèjì lọ. Ìyàwó Bàbá Èkó ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwo oúnjẹ, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun ná!" Kò wẹ̀yìn. Nígbà tí Bàbá Èkó wá sílé láti tọrọ àforíjì, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí Bàbá tó dá a lóhùn. Ó ní, "Mo fún ọ lọ́mọ, o ń sá a sóòrùn bí ẹ̀gẹ́."

Mo ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Gànmọ́ ni mò ń gbé. Nígbà tí Màmá kú, tó ku Bàbá nìkan nínú ilé tó ń jò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí àwọn èèpo wọ̀nyí máa dé. Mo kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Wọn kò dáhùn. Mo lọ fúnra mi, wọ́n ní ọ̀gá kò sí. Mo tún lọ, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Ọdún méjì ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀, mo ń fi ọjọ́ ìsinmi mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ́fíìsì àwọn ènìyàn. Níkẹyìn wọ́n gbà. Wọ́n máa fún wa ní yàrá kan, wọ́n máa ṣe àpótí onígíláàsì, aṣọ fèrèsé tí oòrùn kò lè gbà wọlé, orúkọ Bàbá á sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kàn fẹ́ wá wo àwọn èèpo náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Inú mi dùn débi pé mo ra awò ọwọ́ tuntun fún Bàbá, èyí tó ní iná lẹ́nu, tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú èyí tó ń lò látijọ́ ti họ, ó ti ṣú. Mo ní kí ó fi kọ àkọsílẹ̀ fún àwọn àlejò.

Mo dé Òmù-Àrán láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wá, mo bá Bàbá tó ti wẹ̀, tó ti wọ aṣọ funfun, tó jókòó láìsọ̀rọ̀. Mo rò pé ayọ̀ ni. Àwọn mẹ́rin ló wá láti ilé-ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan ló sì ṣáájú wọn. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn bí mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wo èèpo mẹ́wàá, wọ́n ń mí kanlẹ̀. Nígbà tí Ìyàwó Aláró jáde, obìnrin náà dìde dúró.

Ó ní, "Bàbá, èyí la máa gbé sí ẹnu ọ̀nà. Òun ni kí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí."

Bàbá ní, "Ẹ má gbé e síbẹ̀. Kì í ṣe ti òkúta."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Mo ní, "Bàbá?"

"Òwúrọ̀ yìí ni mo rí i. Awò tí ọmọ mi yìí rà fún mi ni mo fi rí i. Ẹ wá wò ó." Ó tan iná awò náà, ó na án sí obìnrin náà. "Ẹ rí i bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe rí tóótòòtóó bí ẹyin eèrà? Ti òkúta kì í ní tóótòòtóó. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, láti ara fọ́tò. Mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́ pé òkúta ni. Mo ṣì wọ́n lọ́nà."

Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Kò burú, Bàbá. Ó ṣì lẹ́wà. Ta ló máa gbé awò síwájú rẹ̀?"

"Ọmọ ilé-ìwé kan."

"Ó dáa. A máa fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn ọgọ́ta tó kù, ti òkúta ni wọ́n, àbí?"

Mo wo Bàbá. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tó kàn nílò ni pé kí ó mi orí.

Ó ní, "N kò mọ̀. Ojú tó tàn mí lórí èyí tí mo fẹ́ràn jù, kí ló dé tí kò ní tàn mí lórí ìyókù? Ẹ jẹ́ kí n tún gbogbo wọn wò. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Wọn kò padà wá. Ọ̀gá tuntun dé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, yàrá tí wọ́n fẹ́ fún wa sì di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Mo fojú ara mi rí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, bí ọkọ̀ wọn ṣe ń lọ, mo gbàgbé pé àgbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ bá dákẹ́! Ẹ̀ bá sọ fún èmi nìkan, ká jọ wá nǹkan ṣe sí i! Ọdún méjì, Bàbá!" Ó dúró de ìgbà tí mo parí. Ó ní, "Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ọ́. Bá mi wá ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ sí Òrò-Àgọ́."

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò dàrú. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, ń kọ́ni ní àwòrán níbẹ̀, Bàbá sì fẹ́ lọ sọ fún un pé ohun tí òun kọ́ ọ nípa Ìyàwó Aláró kì í ṣe òótọ́. Kí n tó ráyè padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti dá nìkan lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mìíràn ní Òmùpo. Èmi ni mo wá wa ọkọ̀ gbé e lọ, nítorí mo mọ̀ pé tí n kò bá gbé e, á gun ọ̀kadà. Ẹ mọ ọ̀nà náà. Ihò nìyí, òkúta nìyí, Bàbá sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ń wakọ̀, mo ń bínú títí a fi dé.

Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé ti hewú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún tíṣà rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé wa dé, ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà! Tìtorí èyí lẹ ṣe gba ọ̀nà yìí wá?"

Bàbá tú Ìyàwó Aláró jáde nínú páálí, ó gbé awò náà fún un. Ẹ̀rín tán lẹ́nu Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó ṣì rẹwà, sà."

Bàbá ní, "N kò sọ pé kò rẹwà. Mo sọ pé ohun tí mo kọ́ ọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀la, nígbà tí o bá wọ kíláàsì, sọ fún wọn pé tíṣà rẹ ló ṣe àṣìṣe, kì í ṣe ìwọ."

Ó fi ọdún kan àti oṣù díẹ̀ yẹ gbogbo èèpo náà wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tinú tẹ̀yìn. Mẹ́rin péré ni kì í ṣe ti òkúta, Ìyàwó Aláró wà nínú wọn. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta jẹ́ ojúlówó. Mo kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, n kò rí èsì. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, tí a gbé e sí yàrá iwájú, Bàbá Èkó ní òun mọ ẹnì kan tó máa ra gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bàbá tó bí mi ní kí a kó wọn fún ìjọ. Wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀. Bàbá na ìka sí mi.

"Àjọkẹ́ ni kó kó wọn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun. Inú ṣì ń bí mi. N kò tilẹ̀ fẹ́ rí wọn sójú."

Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́. Ó ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Àwọn yòókù kò bínú."

Àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní pálọ̀ mi ní Gànmọ́ báyìí, wọ́n gba ibi tí ó yẹ kí àga wà. Mo ń ra kàńfọ̀, mo ń lé ikán, mo ń fọ ọwọ́ mi, mo ń bá òkú jà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn pè mí. Ọkùnrin tó pè mí lóhùn pẹ̀lẹ́. Ó ní tí àwọn àwòrán náà bá lé ní ọgọ́ta, tí gbogbo wọn sì jẹ́ ti òkúta, wọ́n máa wà lára ohun tí àwọn lè fún ní yàrá. Tí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó nira díẹ̀. Ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù mi. "Madam," ó ní, "ẹ sáà kọ iye náà síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wá kà á."

Mo jókòó pẹ̀lú fọ́ọ̀mù náà láti ìgbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ títí tí oúnjẹ mi fi jóná lórí iná. Mo bú Bàbá. Mo pe orúkọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀, mo sì bú u. Mo wá kọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta síbẹ̀, mo kọ àlàyé nípa àwọn mẹ́rin sí ìsàlẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́. Wọn kò tíì dáhùn.